Ọ̀rọ̀ tí Fẹ́yìsayọ̀ Gbé Lọ sí Wakefield

Ooru ló bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ náà. Ooru inú àpótí kékeré kan tí kò tóbi ju Bíbélì orí pẹpẹ lọ.

Ọwọ́ Fẹ́yìsayọ̀ Akíntọ́lá ló to àpótí náà, lẹ́yìn ṣọ́ọ̀bù wọn ní Queens Village, ní New York, lórí tábìlì tí ọkọ rẹ̀ kàn nígbà tó wà láyé. Kọ̀ǹpútà ni. Kì í ṣe irú èyí tí àwọn iléeṣẹ́ ńláńlá ń tò jáde bí búrẹ́dì. Èyí tí obìnrin kan àti ọmọ rẹ̀ ń tò ni, fún ọ́fíìsì dókítà, fún ṣọ́ọ̀ṣì, fún àwọn iléeṣẹ́ tí ń rán olùtọ́jú lọ sílé àwọn arúgbó. Wọ́n á ra pátákó ẹ̀rọ. Wọ́n á ra prósẹ́sọ̀, ìyẹn ọpọlọ tí ń ronú fún gbogbo ẹ̀rọ yòókù. Wọ́n á tò ó pọ̀, wọ́n á dán an wò, wọ́n á wá lẹ orúkọ mọ́ ọn níwájú. Akíntọ́lá. Orúkọ yẹn ni Adédàpọ̀, ọkọ rẹ̀, ṣì fi ń jáde nílé láti ìgbà tó ti kú.

Adédàpọ̀ ló fà á wọnú iṣẹ́ yìí. Á jókòó tì í lọ́jọ́ Sátidé, á máa na irinṣẹ́ sí i, títí ọwọ́ tirẹ̀ fi wá yá ju ti ọkọ lọ.

"Ẹ wo bó ṣe ń gbé e sílẹ̀," Adédàpọ̀ a máa sọ fún àwọn oníbàárà. "Bí ẹni ń tẹ́ ọmọ tuntun sórí ẹní. Èmi, mo kàn máa ń jù ú síbẹ̀ ni."

Irọ́ ni. Kò ju ìkankan rí. Ó kàn fẹ́ràn kí wọ́n máa yin ìyàwó rẹ̀ ni.

Ọkàn ọkùnrin náà ló dáwọ́ dúró. Nínú ọkọ̀, níbi iná pupa kan lójú Hillside Avenue. Iná náà di àwọ̀ ewé, ó tún di pupa. Àwọn tó wà lẹ́yìn rẹ̀ ń fọn fèrè mọ́tò. Wọ́n ń bú u.

Dámi, ọmọ wọn kan ṣoṣo, fi iṣẹ́ tó dáa sílẹ̀ ní Manhattan, ó padà wá jókòó ti ìyá rẹ̀ nídìí tábìlì. Kò sẹ́ni tó bẹ̀ ẹ́. Fẹ́yìsayọ̀ ò sì dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ó kàn ń se oúnjẹ púpọ̀ sí i.

Nígbà ooru tó kọjá ni Christina pè. Christina ni ọ̀gá iléeṣẹ́ olùtọ́jú kan ní Hollis. Fẹ́yìsayọ̀ gan-an ti bá wọn ṣiṣẹ́ olùtọ́jú rí, nígbà tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé ìlú yìí, kó tó mọ ohun tí ń jẹ́ prósẹ́sọ̀. Àwọn ni oníbàárà tó tóbi jù tí ṣọ́ọ̀bù náà ní.

"Miss Fẹ́yì, ẹ̀rọ yín tún ti kú. Ó hu bí ẹ̀rọ ìgbálẹ̀, ó hu, ó hu, ó wá dákẹ́. Nọ́ọ̀sì mi ń kọ oògùn aláìsàn sí i lọ́wọ́!"

"Ó gbóná jù ni, Christina. Ẹ ṣí fèrèsé sí i."

"Fèrèsé? Ṣé kọ̀ǹpútà lo tà fún mi ni àbí adìẹ?"

Wọ́n jọ rẹ́rìn-ín. Ṣùgbọ́n Christina ò fi ẹ̀rín parí rẹ̀. Wọ́n ń ṣí ọ́fíìsì tuntun ní Bronx. Wọ́n fẹ́ sọ gbogbo ẹ̀rọ wọn dọ̀tun, níhìn-ín àti lọ́hùn-ún. Ó wù ú kó jẹ́ ti Akíntọ́lá. Àmọ́ tó bá jẹ́ èyí tó ń gbóná yìí náà ni, kí Miss Fẹ́yì má bínú. Àwọn á lọ ra ti iléeṣẹ́ ńlá. Bí iléeṣẹ́ Christina bá sì lọ, kí Fẹ́yìsayọ̀ yáa ti ilẹ̀kùn.

 Dámi ra prósẹ́sọ̀ iléeṣẹ́ kejì, àwọn tó ń bá iléeṣẹ́ àtijọ́, tí wọ́n ti ń lo prósẹ́sọ̀ rẹ̀ bọ̀, du ọjà láti ọjọ́ tó ti pẹ́. Ó fi to ẹ̀rọ kan. Ó gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ èyí tí ìyá rẹ̀ tò. Ó pa ẹ̀rọ amúlétutù, ó ti fèrèsé, ó fún àwọn méjèèjì níṣẹ́ kan náà.

Ti àtijọ́ bẹ̀rẹ̀ sí í hu. Ti tuntun ń bá iṣẹ́ rẹ̀ lọ, jẹ́ẹ́jẹ́. Dámi mú àtẹ́lẹwọ́ ìyá rẹ̀, ó gbé e lé ti tuntun.

"Ṣé ẹ rí i, Mọ́mì?"

Ó rí i. Ó tutù bí ògiri àárọ̀.

"Ẹ jẹ́ ká yí padà."

"Ká ra díẹ̀ níbí, ká ra díẹ̀ lọ́hùn-ún ńkọ́?"

"Ẹsẹ̀ eléyìí ò wọ ihò tìyẹn. Pátákó ọ̀tọ̀. Ohun àfirọ́pò ọ̀tọ̀. Gbogbo ẹ̀ ló yàtọ̀. Àwa méjì péré la wà níbí, Mọ́mì. Ṣé ẹ fẹ́ ṣí ṣọ́ọ̀bù méjì ni?"

 Kì í ṣe pátákó ni Fẹ́yìsayọ̀ ń rò. Lazarus Adédoyin ló ń rò.

Ọwọ́ Bọ̀dá Lazarus ni wọ́n ti ń ra prósẹ́sọ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀. Alàgbà ni nínú ìjọ Mẹ́tọ́díìsì tí wọ́n jọ ń lọ. Ọ̀rẹ́ Adédàpọ̀. Ìyàwó rẹ̀ ti kú, àwọn ọmọ ti tú ká, òun nìkan ló ń gbé ilé tó rà ní Wakefield, lókè Bronx níbẹ̀ yẹn, níbi tí ọkọ̀ ojúurin ti ń parí ìrìn rẹ̀. Ọjà iléeṣẹ́ àtijọ́ yẹn nìkan ló ń tà. Àdéhùn tó bá wọn ṣe nìyẹn. Yàrá abẹ́ ilé ló ń kó o sí, nínú páálí, bí ẹni tó ń tọ́jú ẹyin.

Lọ́dún tí prósẹ́sọ̀ wọ́n káàkiri ayé, tí àwọn iléeṣẹ́ ńlá gbá gbogbo ẹ̀ lọ, òun ló gbà wọ́n. Àwọn kan wá tí wọ́n fẹ́ san jù wọ́n lọ, ó ní kí wọ́n dúró sí ìta ná. "Ti Dàpọ̀ kọ́kọ́. Tó bá kù, ẹ wá." Kì í kù.

Nígbà tí Adédàpọ̀ wá kú, òun ló lọ gbé ọkọ̀ náà wálé láti Hillside. Ó fọ̀ ọ́. Ó da epo sí i. Ó gbé kọ́kọ́rọ́ lé Fẹ́yìsayọ̀ lọ́wọ́, ó sì wọ bọ́ọ̀sì padà sílé.

Lóde òní, orí íńtánẹ́ẹ̀tì ni àwọn oníbàárà rẹ̀ yòókù ti ń rà. Fẹ́yìsayọ̀ nìkan ló kù tó ń ra ọjà tó nǹkan lọ́wọ́ rẹ̀. Lọ́dọọdún, kí òtútù tó máa bọ̀, kí ewé tó bẹ̀rẹ̀ sí í já, Bọ̀dá Lazarus á gba ọjà ọdún tó ń bọ̀ sílẹ̀ lọ́dọ̀ iléeṣẹ́ náà, torí ẹni tó bá tètè gbà á ló ń rí i ní pọ́ọ́kú. Èyí tó bá sì ti gbà, kò ṣeé dá padà. Kì í bi Fẹ́yìsayọ̀ léèrè. Kí ló fẹ́ bi í? Ìyàwó Dàpọ̀ ni.

Nítorí náà, tí wọ́n bá máa yí padà, Bọ̀dá Lazarus gbọ́dọ̀ gbọ́ kí ewé tó já.

"Ẹ fi ímeèlì ránṣẹ́ sí i," Dámi wí.

"Sí ta ni?"

"Sí Ọ́ńkù Lazarus."

Fẹ́yìsayọ̀ wò ó bí ẹni tó ní kó lọ sọ òkúta lu fèrèsé ṣọ́ọ̀ṣì.

"Ẹ pè é lórí fóònù nígbà náà."

"Dámi. Ẹni tó gbé ọkọ̀ bàbá ẹ wálé. Kí n wá dúró síbí, kí n máa sọ fún un lórí fóònù pé n ò ra ọjà ẹ̀ mọ́? Bí ẹni ń lé ajá?"

Irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀, ẹsẹ̀ ni wọ́n fi ń rìn ín. Wọ́n á lọ bá àgbàlagbà nílé. Wọ́n á mú ẹnì kan dání tó ní ẹnu láti bá a sọ̀rọ̀. Wọn ò ní lọ lọ́wọ́ òfo. Bí wọ́n ṣe tọ́ Fẹ́yìsayọ̀ nílé wọn ní Ìlá nìyẹn, gbogbo ọdún tó ti lò ní New York ò sì yọ ọ́ lára rẹ̀.

Bọ̀dá Solomon ni wọ́n mú dání. Awakọ̀ bọ́ọ̀sì, akọrin ohùn ìsàlẹ̀ nínú ìjọ wọn, ẹni tí ẹnu rẹ̀ kì í sinmi. Wọ́n ra àpò gàrí Ìjẹ̀bú kan àti páálí máltì. Dámi ló wakọ̀. Lórí afárá Throgs Neck, omi ń dán nísàlẹ̀, Bọ̀dá Solomon ń ṣe ìgbáradì.

"Mo máa kọ́kọ́ sọ ti ojú ọjọ́. Mo máa wá sọ ti ayé tó ń yí. Láti ibẹ̀, mo kàn máa bọ́ sórí ẹ̀ wẹ́rẹ́."

"Sórí kí ni, Ọ́ńkù?"

"Máa wa ọkọ̀ ẹ."

Bọ̀dá Lazarus ṣílẹ̀kùn kí wọ́n tó kàn án. Inú rẹ̀ dùn débi pé ó fẹ́rẹ̀ẹ́ gba àpò gàrí náà tòun ti Bọ̀dá Solomon.

"Ìyàwó! Kí lẹ ń dúpẹ́ lọ́wọ́ mi fún? Kí ni mo ṣe? Dámi, o ti ga jù mí lọ. Solomon, ìwọ ńkọ́, ikùn nìwọ fi ń ga."

"Iṣẹ́ ìjókòó ni, Ẹ̀gbọ́n. Ìjọba ló ni ikùn yìí."

Wọ́n jókòó. Àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta lórí àga gígùn kan, ní títò. Bọ̀dá Lazarus wò wọ́n. Ó wo gàrí tó wà nílẹ̀. Ó pa tẹlifíṣọ̀n. Bọ̀dá Solomon wúkọ́, ó fẹ́ mú ti ojú ọjọ́ jáde, àmọ́ onílé ti dìde.

"Ẹ jẹ́ ká gbàdúrà ná."

Wọ́n dìde.

"Olúwa, ilé tí ọ̀rẹ́ mi fi sílẹ̀, má jẹ́ kó wó."

Àmín.

"Ọwọ́ tí ìyàwó yìí fi ń ṣiṣẹ́, má jẹ́ kó rọ."

Àmín.

"Ohun tó so wá pọ̀ láti ọjọ́ yìí wá, má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni já a."

Àmín! Ti Bọ̀dá Solomon ló ròkè jù, ohùn ìsàlẹ̀ tó mi gíláàsì inú kọ́bọ́ọ̀dù. Dámi tí gbogbo rẹ̀ ò yé náà ń ṣe àmín. Fẹ́yìsayọ̀ gbọ́ àmín tòun náà bó ṣe ń jáde lẹ́nu rẹ̀. Kedere. Kò lè pè é padà.

Lẹ́yìn irú àdúrà bẹ́ẹ̀, ta ló fẹ́ la ẹnu, kó ní òun wá já nǹkan?

Bọ̀dá Solomon gbìyànjú.

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ rí i, ayé yìí ń yí."

"Ó ń yí."

"Nǹkan tuntun ń jáde."

"Lójoojúmọ́ ni."

"Àwọn ẹ̀rọ pàápàá, ẹ̀rọ..."

"Solomon, mu máltì ẹ kó tó gbóná."

Ó mu ún. Wọ́n sọ̀rọ̀ nípa orúnkún, nípa pásítọ̀ tuntun, nípa òjò. Nígbà tí wọ́n ń lọ, Bọ̀dá Lazarus wọ ẹ̀yìnkùlé, ó ká tòmátì kún ọ̀rá kan, ó gbé e fún Fẹ́yìsayọ̀. Ó dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó ń juwọ́ sí wọn títí ọkọ̀ fi yí kọ́nà.

Orí afárá ni wọ́n wà kí Dámi tó sọ̀rọ̀.

"Ta ló wá sọ fún un?"



"Mo sọ ọ́," Bọ̀dá Solomon wí. "Mo ní ayé ń yí."

"Ọ́ńkù, gbogbo èèyàn ló mọ̀ pé ayé ń yí!"

"Àpò gàrí tó tó yẹn ńkọ́? Àgbàlagbà ni. Ó máa lọ jókòó, ó máa rò ó, ó máa yé e."

Fẹ́yìsayọ̀ gbé tòmátì lé itan. Ó ń wo omi.

Ó ní ó di Sọ́ńdè tó ń bọ̀. Sọ́ńdè tó ń bọ̀, Bọ̀dá Lazarus ń ṣe ìrántí ìyàwó rẹ̀. Ó wọ funfun. Ṣé ọjọ́ yẹn ni? Èyí tó tẹ̀ lé e, ìkórè ni, Bọ̀dá Lazarus ni alága. Fẹ́yìsayọ̀ pè é ní àárọ̀ Mọ́ńdè kan, tinútinú, ó ti pinnu. Bọ̀dá Lazarus gbé fóònù pẹ̀lú orin lẹ́nu. "Ìyàwó, ṣé orúnkún ò dùn ẹ́ mọ́?" Fẹ́yìsayọ̀ ní òun kàn ní kí òun kí wọn ni.

Christina ò lè dúró. Dámi bá iléeṣẹ́ kejì tọwọ́ bọ̀wé, Fẹ́yìsayọ̀ fọwọ́ sí i, ẹ̀rọ tuntun bẹ̀rẹ̀ sí í jáde lórí tábìlì Adédàpọ̀. Ewé bẹ̀rẹ̀ sí í já síwájú ṣọ́ọ̀bù. Àràárọ̀ ló ń gbá a. Kò ṣe bí ẹni tí kò rí i. Ó rí i. Ó ń gbá a ni.

Fóònù dún lọ́sàn-án ọjọ́ kan.

"Ìyàwó, ọjà yín ti dé o. Yàrá ìsàlẹ̀ kún, mo tún kó lára ẹ̀ sí pálọ̀, n ò ríbi jókòó. Ṣé kí n gbé tẹ̀yin wá ní Sátidé?"

Ó wà ní ìdúró. Prósẹ́sọ̀ iléeṣẹ́ kejì wà níwájú rẹ̀, ó ti fi ọ̀dà tí ń fa ooru kùn ún, ìyẹn ò gbọdọ̀ gbẹ. Ibẹ̀ ló ti sọ ọ́. Lórí fóònù. Bó ṣe búra pé òun ò ní sọ ọ́ gan-an. Gbogbo rẹ̀ jáde lẹ́ẹ̀kan, kò sí ojú ọjọ́, kò sí ayé tó ń yí.

 Lódìkejì, ó ń gbọ́ fíríìjì Bọ̀dá Lazarus tó ń kùn.

"Mo máa rà nínú ẹ̀, Bọ̀dá. Ẹ jẹ́ kí n rà nínú ẹ̀."

"Kí lẹ fẹ́ fi ṣe?"

Kò mọ ohun tó fẹ́ fi ṣe.

"Ó dáa," Bọ̀dá Lazarus wí. "Ẹ kú iṣẹ́ o, Màmá Dámi."

Kò pè é ní Màmá Dámi rí.

Iléeṣẹ́ àtijọ́ ò gba ọjà padà. Ọkùnrin kan wá láti New Jersey, ó fi owó díẹ̀ kó gbogbo rẹ̀ bí ẹni kó ìdọ̀tí. Ilé Wakefield ni Bọ̀dá Lazarus fi dógò fún owó ọjà náà, ilé sì lọ. Bọ̀dá Solomon ló mú ìròyìn náà wá. Fún ìgbà àkọ́kọ́, kò fi àwàdà kankan sí i. Ó ní yàrá kan ni Bọ̀dá Lazarus gbà báyìí, kò jìnnà sí ilé tó pàdánù. Kò wá ṣọ́ọ̀ṣì mọ́. Fẹ́yìsayọ̀ pè, pè, pè. Ó dún lásán. Ní Sọ́ńdè, kò sẹ́ni tó jókòó sí àyè rẹ̀, ìwé orin rẹ̀ wà níbẹ̀, títí ẹni tó ń tún ilé ṣe fi kó o mọ́ ti àwọn yòókù.

Ṣọ́ọ̀bù ò kú. Ó yẹ ká sọ ìyẹn náà. Christina ra ẹ̀rọ ju bó ṣe ṣèlérí lọ. Dámi gba ọ̀dọ́bìnrin kan sí i. Fẹ́yìsayọ̀ ń tò ó, ó ń lẹ orúkọ mọ́ ọn. Kò sí ìkankan tó gbóná.

Nígbà tí òtútù lọ ni ọ́fíìsì Bronx ṣí. Ní Wakefield ló wà, lábẹ́ ojú irin. Fẹ́yìsayọ̀ àti Dámi kó àwọn àpótí lọ lọ́wọ́ òwúrọ̀. Dámi ń wá ibi gbé ọkọ̀ sí. Fẹ́yìsayọ̀ gbé páálí kan ṣáájú, kò ríwájú dáadáa, ẹnì kan di ilẹ̀kùn mú fún un.

"Ẹ ṣeun o."

"Ó tó bẹ́ẹ̀?"

Ó mọ ohùn náà. Ó kúnlẹ̀ síbẹ̀, tòun ti páálí, lójú gbogbo àwọn tó jókòó.

"Dìde, ìyàwó. Wọ́n ń wò wá."

Ṣẹ́ẹ̀tì funfun, tó lọ̀ dáadáa. Fáìlì kan lábẹ́ apá. Ó ti rù. Ó na ọwọ́ sí páálí náà.

"Ẹ fi sílẹ̀, sà. Bọ̀dá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi sílẹ̀."

Ó gbà á. Ó gbé e dé ìdí tábìlì akọ̀wé, ó gbé e sílẹ̀.

"Ó fúyẹ́," ó wí. "Tiwọn fúyẹ́ ju tiwa lọ. Ṣóòótọ́ ni pé kì í gbóná?"

"Kì í gbóná, sà."

"Hùn."

Wọ́n jókòó pa pọ̀ láàárín àwọn obìnrin tó wá wáṣẹ́. Ọkọ̀ ojúurin kọjá lókè, àwọn gíláàsì mì. Fẹ́yìsayọ̀ dúró kó kọjá.

"Bọ̀dá, ọjọ́ Sátidé tá a wá yẹn. Ọ̀rọ̀ yẹn la gbé wá. Ẹnu wa ni kò gbà á."

"Mo mọ̀."

"Ẹ mọ̀?"

"Ta ni kò ní mọ̀? Solomon tí kì í ra omi fún èèyàn, òun ló gbé gàrí. Ẹ wá jókòó tò bí àwọn tó wá túfọ̀. Mo ní kí n yára gbàdúrà. Mo ní tí mo bá gbàdúrà, ẹ ò ní lè sọ ọ́." Ó rẹ́rìn-ín díẹ̀, ẹ̀rín náà ò dé ibì kankan. "Ẹ ò sì lè sọ ọ́. Èmi gan-an wá gbà á gbọ́. Bí oṣù ṣe ń lọ tẹ́ ẹ ò sọ nǹkan kan, mo ní bóyá wọ́n ti yí ọkàn padà. Mo lọ gba ọjà."

 

Akọ̀wé fi ahọ́n Òyìnbó pe orúkọ kan tí kò jọ Adédoyin rárá. Àmọ́ Bọ̀dá Lazarus dìde. Ó tún ọrùn ṣẹ́ẹ̀tì rẹ̀ ṣe.

"Iṣẹ́ olùtọ́jú yìí," ó wí, ohùn rẹ̀ lọ sílẹ̀, "ìwọ ṣe é rí. Ṣé ó le?"

"Ẹ máa tẹ orúnkún kẹ́ ẹ tó gbé àwọn arúgbó náà, sà. Ẹ má fi ẹ̀yìn gbé wọn."

Ó mi orí pé òun gbọ́. Bí ọmọ ilé-ìwé.

"Kí ni mo máa kọ́kọ́ ṣe?"

"Ẹ kọ́kọ́ sọ fún wọn. Kẹ́ ẹ tó fọwọ́ kàn wọ́n. Ohun tẹ́ ẹ fẹ́ ṣe, ẹ sọ ọ́ fún wọn. Tẹ́ ẹ bá kàn gbé wọn lójijì, ẹ̀rù máa ń bà wọ́n."

"Kí n kọ́kọ́ sọ fún wọn."

"Bẹ́ẹ̀ ni, sà."

Ó gbé fáìlì rẹ̀, ó wọlé lọ, ilẹ̀kùn padé. Fẹ́yìsayọ̀ dúró níbẹ̀ láàárín yàrá, títí akọ̀wé fi ní kó jọ̀ọ́, kó sún díẹ̀, ó dúró sójú ọ̀nà.